Láti Cow Lane dé Ogbómọ̀ṣọ́: ohun tí a kọ́ nígbà tí a gbé ìṣíde ṣọ́ọ̀bù kan jáde tààrà

Ní Cow Lane, láàárín gbùngbùn ọjà Accra, ariwo kì í sinmi lójú ọ̀sán. Awakọ̀ ń fọn fèrè, àwọn ọmọ ọkọ̀ ń pe èrò, àwọn obìnrin alárùú tí wọ́n ń pè ní kayayei sì ń gbé ẹrù tó ga kọjá, wọ́n ń ké "Agoo! Agoo!" kí èèyàn lè yà fún wọn lọ́nà. Bákan náà ni wọ́n ń ké níbẹ̀ bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà onílé, onílé á sì dáhùn pé "Amee!" Ọ̀rọ̀ náà jọ "àgò" tiwa tó bẹ́ẹ̀ tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn pé "Àgò yà!" nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ibẹ̀ ni ẹbí kan, ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́, pè wá sí ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Wọ́n fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù ọṣẹ dúdú àti òrí. Àwọn oníbàárà wọn tó ń ra ọjà lọ́pọ̀ wà ní Kumasi, Lomé, Èkó àti London, kò sì ṣeé ṣe kí gbogbo wọn wá. Wọ́n ní kí a gbé ètò náà jáde tààrà lórí ayélujára, ohun tí gbogbo wa mọ̀ sí "láìfù". Wọ́n fẹ́ kó dà bí èyí tí ilé-iṣẹ́ ńlá ṣe, kó má dà bí ìgbà tí ẹnì kan kàn na fóònù sókè níbi ìnáwó.

Ìdí mìíràn wà tí wọn kò kọ sínú ìwé ìpè. Ìyá àgbà wọn tajà ní àdúgbò yìí kó tó di ọdún 1969. Lọ́jọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún náà, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó fi Gánà sílẹ̀. Nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó kó ẹrù nígbà náà, Yorùbá ló pọ̀ jù. Ìyá fi ọjà sílẹ̀ nínú ìsọ̀, ó gbé ọmọ pọ̀n, ó wọkọ̀ lọ sílé. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé ìrìn-àjò mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó béèrè ni pé òun ni kó ṣe àdúrà tí wọn yóò fi ṣílẹ̀kùn, láti ibi tó jókòó sí ní Ogbómọ̀ṣọ́.

Bí àwòrán ọjà bá já, oníbàárà lè padà wá. Bí àdúrà ìyá bá já sí méjì, kò sí bí a ó ṣe so ó pọ̀. Ohun tó ń kó wa lọ́kàn sókè nìyẹn títí ọjọ́ náà fi pé.

Orúkọ tó ti wà nílẹ̀

Ọjọ́ ti pẹ́ tí Yorùbá ti ń tajà ní Accra. Àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Accra New Town lónìí, Lagos Town ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Gánà ló ṣì ń pe ọmọ Nàìjíríà, pàápàá Yorùbá, ní "Alata". Ohun tí ọ̀pọ̀ gbà ni pé "aláta" wa, ẹni tó ń ta ata, ni orúkọ náà ti wá. Ọṣẹ dúdú gan-an, "alata samina" ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ìyẹn ọṣẹ àwọn Alata. A ní kí atọ́kùn ètò fi ìtàn orúkọ yìí bẹ̀rẹ̀. Oníbàárà tó wà ní London lè rí ọṣẹ dúdú rà lọ́wọ́ ogún èèyàn. Ìtàn tó bá gbọ́ ni yóò jẹ́ kó rántí ọ̀dọ̀ ta ló ti rà á.

Àlejò tó wà nílé

Kí a tó fọwọ́ kan kámẹ́rà, ìbéèrè mẹ́ta ni a bi ẹbí náà. Ta ni yóò wò ó? Kí ni yóò fi wò ó? Kí ni ẹ fẹ́ kó ṣe tó bá wò ó tán? Láti ìgbà Kòrónà ní ọdún 2020 ni ìpàdé iṣẹ́ orí ẹ̀rọ ti di bárakú. Òfin ilé-iṣẹ́ tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún náà tiẹ̀ gba ilé-iṣẹ́ aládàáni láyè láti ṣe ìpàdé gbogbogbòò wọn lórí ẹ̀rọ. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ètò là ń rí tí wọ́n á kọ kámẹ́rà sí àga àlejò pàtàkì, wọ́n á sì gbàgbé ẹni tó ń wò láti ilé. Bẹ́ẹ̀, àlejò ni òun náà. Bí ẹ bá pe èèyàn wá sílé, ẹ kì í fi í sílẹ̀ ní ojúde kó máa yọjú lójú fèrèsé.

Ìdáhùn wọn ló tọ́ wa sọ́nà. Fóònù ni ọ̀pọ̀ yóò fi wò ó, dátà tí wọ́n fowó ara wọn rà ni wọn yóò sì lò. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí a bá kọ sójú àwòrán gbọ́dọ̀ tóbi, ọjà gbọ́dọ̀ súnmọ́ kámẹ́rà débi tí wọ́n á fi rí àwọ̀ ọṣẹ, ètò kò sì gbọdọ̀ gùn ju wákàtí kan àbọ̀ lọ. Àwọn oníbàárà fẹ́ mọ iye owó, iye tí wọ́n lè rà lẹ́ẹ̀kan, àti bí ọjà yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìyá fẹ́ rí ojú àwọn ọmọ rẹ̀.

A wá rí i pé ọ̀nà kan ṣoṣo kò lè gba méjèèjì. YouTube dára fún èrò púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá ṣe níwájú kámẹ́rà kì í dé ojú òǹwòran lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó lè pẹ́ tó ogún ìṣẹ́jú àáyá. Bí ìyá bá ń wò wá níbẹ̀, a ó ti kí i tán, a ó ti dákẹ́, kó tó gbọ́ pé a kí òun. Ìpè Zoom ni a fi mú ìyá wọlé, níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ tó ń bọ̀ bí ìgbà tí èèyàn jókòó ti ara wọn. Kọ̀ǹpútà wa ló gba àwòrán rẹ̀, ó pa á pọ̀ mọ́ ti kámẹ́rà méjèèjì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ sórí YouTube. OBS ni orúkọ ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ṣe é. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni lè gbà á sílé kó fi kọ́ṣẹ́.

Ẹ lọ wo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, a lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, nítorí pé ọjọ́ àti aago tí ètò yóò bọ́ sí nìyẹn. Ẹni tó bá lọ wo Cow Lane ní ọjọ́ Àìkú á rò pé ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ìgbà tí a dé ibẹ̀ la rí i pé oòrùn ń wọ ẹnu ọ̀nà ní àkókò náà, tó jẹ́ pé ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò dúdú bí òjìji. A rí i pé ojú iná kan ṣoṣo ló wà lára ògiri. A sì rí i pé íntánẹ́ẹ̀tì dára lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ń rẹ̀ dànù bí èèyàn bá ti wọ yàrá ẹ̀yìn.

A wọn íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀hún nígbà mẹ́ta. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ẹ wo fíìmù lórí fóònù, kò dúró, ẹ wá rò pé ó ti tó. Wíwo fíìmù, gbígbà ni. Láìfù, fífi ránṣẹ́ ni, agbára méjèèjì kì í sì í dọ́gba. Iye tó ń jáde ni kí ẹ wọ̀n. Àwòrán tó mọ́ kedere, èyí tí wọ́n ń pè ní 1080, máa ń gba bíi mẹ́gábíìtì 4.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ó tó gígábáìtì 2 ní wákàtí kan. Èyí tó kéré sí i, 720, lè lo mẹ́gábíìtì 3, ìyẹn gígábáìtì kan àti díẹ̀ ní wákàtí kan. Òfin tiwa ni pé agbára tí a bá bá níbẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po méjì èyí tí a fẹ́ lò. Mẹ́gábíìtì 7 ni ó pọ̀ jù lọ tí a rí, a sì gbà pẹ̀lú ẹbí náà pé 720 ni a ó lò. Àwòrán kékeré tó ń lọ geerege sàn ju èyí tó dán tó sì ń dúró.

Ohùn ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé

Bí owó kò bá tó, ẹ má fi ra kámẹ́rà tuntun. Ojú lè fara da àwòrán tí kò dán, etí kì í fara da ohùn tó ń já. Ẹni tí kò bá gbọ́ ohun tí à ń sọ kò ní í dúró ju ìṣẹ́jú kan lọ.

A fi máìkì kékeré há àyà aṣọ atọ́kùn, a sì fún àwọn àlejò ní èyí tí wọ́n ń dì mọ́wọ́, a ní kí wọ́n gbé e súnmọ́ ẹnu. Ohùn máìkì gba inú wáyà lọ sí kọ̀ǹpútà tààrà, a kò jẹ́ kó gba ẹnu sípíkà jáde ká tó tún gbé e. Ẹnì kan nínú àwa mẹ́ta kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó fi nǹkan sétí, kó máa gbọ́ ohun tí ẹni tó wà nílé ń gbọ́.

Ti ìyá gba àròjinlẹ̀ díẹ̀. Bí ohùn rẹ̀ bá jáde láti inú sípíkà ní ṣọ́ọ̀bù, máìkì tiwa yóò gbé e, yóò sì dá a padà sí etí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀ dáadáa bí ohùn ara rẹ̀ bá ń tẹ̀ lé e. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kí ẹ to ohùn tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn lọ́nà tí yóò fi gbọ́ gbogbo èèyàn àyàfi ara rẹ̀. Ní ìparí, bí ìyá bá ti ń sọ̀rọ̀, a ó pa gbogbo máìkì ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà

Lọ́jọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà mẹ́rin tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì gba abẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Ìṣòro náà kan Gánà, ó kan Nàìjíríà, ó kan Côte d'Ivoire àti àwọn mìíràn. Iṣẹ́ báǹkì dàrú ní ọ̀pọ̀ ibi, àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Gánà sì kéde pé àtúnṣe yóò gba ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ó kéré tán. Oṣù mẹ́fà péré ló wà láàárín èyí àti ètò wa. Kò sí ẹni tó ní láti sọ fún wa pé a gbọ́dọ̀ ní ju ọ̀nà kan lọ.

Síìmù méjì láti ilé-iṣẹ́ kan náà, ọ̀nà kan ṣoṣo ni. Ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ méjì ni a lò: ọ̀kan fún YouTube, èkejì fún ìpè ìyá, kí wàhálà ọ̀kan má bàa ran èkejì. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá gbé e lè fi Starlink, tó ń gba ojú òfuurufú, ṣe ẹ̀kẹta. Ó ti wà ní Nàìjíríà láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, ó sì dé Gánà ní oṣù kẹjọ ọdún 2024.

Ti iná kò nílò àlàyé fún ará ilé wa. Àwọn ará Gánà ní orúkọ tó dùn fún un: "dumsor", ìyẹn kó kú, kó tàn. A kò dúró de ìgbà tí yóò kú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni a ti gbé kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì sórí ínfátà, a sì fi iná ìjọba máa rọ bátìrì rẹ̀. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ kò ní í mọ̀.

Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tó ń ba iṣẹ́ ńlá jẹ́

Aago: wákàtí kan ni Nàìjíríà fi ṣáájú Gánà. Aago mẹ́wàá Accra, aago mọ́kànlá ni l'Ógbómọ̀ṣọ́ àti Cotonou. Lomé ń bá Accra rìn. London máa ń yí tirẹ̀ padà láàárín ọdún. Ní oṣù kẹsàn-án, aago mọ́kànlá ni níbẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo rẹ̀ ni a kọ sínú ìwé ìpè.

Ojú ìwé: bí ẹ kò bá tíì ṣe láìfù lórí YouTube rí, ó lè gba wákàtí mẹ́rìnlélógún kí wọ́n tó ṣí i fún yín. Ẹ má dúró di àárọ̀ ọjọ́ ètò.

Orin: bí ẹ bá gbé àwo olórin sí i, ẹ̀rọ YouTube tàbí Facebook lè mọ̀ ọ́n, kí wọ́n pa ohùn yín tàbí kí wọ́n dá ètò dúró. Onígángan la gbà. Ìlù rẹ̀ kò ní oníwàhálà.

Àṣẹ: Gánà ní òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ẹni láti ọdún 2012, Nàìjíríà ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2023. A lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà pé à ń ya àwòrán, a sì kọ kámẹ́rà sẹ́yìn sí títì, nítorí obìnrin tó gbé ẹrù kọjá kò sọ fún wa pé òun fẹ́ kí London rí òun.

Ọjọ́ pé

Gbogbo ìdánrawò lọ dáadáa. Ohun tí a kò rò ni pé bí èèyàn ọgọ́ta bá kún ẹnu ọ̀nà kan, fóònù ọgọ́ta ló kún ibẹ̀. Gbogbo wọn ń ya fọ́tò, wọ́n ń fi ránṣẹ́, wọ́n sì ń pín íntánẹ́ẹ̀tì kan náà pẹ̀lú wa. Ní ìṣẹ́jú kejìlá, ọ̀nà YouTube bẹ̀rẹ̀ sí í fà. A dín àwòrán kù, kò gbọ́. A gbé e sórí ọ̀nà kejì, èyí tó gba bíi ogójì ìṣẹ́jú àáyá, àwọn òǹwòran sì ń wo ojú ìwé tó dúró. A ti kọ ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ pé "Ẹ dúró dè wá, à ń bọ̀." Nígbà tí a padà, èèyàn méjì péré ló ti lọ. Ẹni tí ẹ bá sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún máa ń ní sùúrù.

Lẹ́yìn náà ló kan ìyá. Wọ́n ti wọ̀ ọ́ ní aṣọ òkè, ọmọ ọmọ rẹ̀ kan jókòó tì í, iná sì wà níwájú rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn. Ojú rẹ̀ kún ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ó dárúkọ àwọn tó ti lọ, ó dé orí ẹni tó ni ìsọ̀ tí òun háyà nígbà náà, ó sì dákẹ́ lójijì. Ó wò yíká.

"Ta ló ń sín mi jẹ?"

Àyà wa já. Máìkì gbogbo la ti pa. Ọ̀nà wo ni ohùn rẹ̀ gbà padà? Ẹni tó ń gbọ́ ètò fún wa ló rí i: máìkì kékeré àyà atọ́kùn ni a gbàgbé láti pa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ atọ́kùn gan-an, àlejò kan ti ṣí YouTube lórí fóònù rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè. Ohùn ìyá ń jáde níbẹ̀, máìkì náà sì ń gbé e padà fún un. Ẹ̀bi tiwa ni. A kò sọ fún àwọn àlejò pé kí wọ́n pa ohùn fóònù wọn, ó yẹ kó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí atọ́kùn yóò sọ. A pa á, a bẹ ìyá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, òun yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. "Àmín" tí wọ́n ṣe lẹ́ẹ̀kejì lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Wọ́n fi ọjà hàn, àwọn oníbàárà béèrè ìbéèrè nínú ìwé, atọ́kùn ń dárúkọ ìlú wọn kó tó dáhùn. Oníbàárà Lomé kan ra páálí ogún kí ètò tó parí.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín

Kò pọn dandan kí ẹ ní ohun tí a ní. Fún ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tàbí ìṣíde ṣọ́ọ̀bù kékeré, fóònù kan tó dára lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, máìkì kan tó ń wọ inú rẹ̀, bátìrì àfikún, àti síìmù ilé-iṣẹ́ kejì nínú fóònù mìíràn ti tó. Ẹ gba fídíò náà sílẹ̀ sórí ẹ̀rọ tiyín pẹ̀lú, nítorí pé láti oṣù kejì ọdún 2025, ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni Facebook ń tọ́jú fídíò láìfù tuntun kó tó pa á rẹ́. Ẹ yan ẹnì kan fún ohùn, ẹnì kan fún àwòrán, ẹnì kan fún dídáhùn ìbéèrè. Ẹ ṣe ìdánrawò odindi, ní ọjọ́ àti aago kan náà. Kí ẹ sì ní kí gbogbo èèyàn pa ohùn fóònù wọn.

Ohun kan kù tí kò sí nínú ètò wa. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, tí a ti fẹ́ pa ẹ̀rọ, ìyá ní, "Ẹ jẹ́ n wo títì." Kámẹ́rà méjèèjì ló ní wáyà, ọ̀kan nínú wọn kò lè dé ẹnu ọ̀nà. A ti pa YouTube. Ọ̀kan nínú wa yára wọ inú ìpè náà pẹ̀lú fóònù rẹ̀, ó sì gbé e jáde. Ìyá wo ọkọ̀, ó wo ilé alájà tí kò sí níbẹ̀ nígbà tirẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Obìnrin alárùú kan ń bọ̀, ó ké "Agoo!" Láti Ogbómọ̀ṣọ́, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gọ́ta, ìyá dá a lóhùn pé "Amee!"

Láti ọjọ́ náà, ibikíbi tí a bá ti lọ ṣe iṣẹ́, a máa ń fi fóònù kan sílẹ̀ lọ́tọ̀ tí kò ní wáyà.